Ìpè Tí Ìtùnú Kò Dáhùn

Ìtùnú Adékọ́lá ka ímeèlì náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó wá da fóònù rẹ̀ dojú bolẹ̀ lórí itan, bí ẹni pé bí òun kò bá ti wò ó, ohun tó wà níbẹ̀ yóò pa rẹ́. Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ti kọjá Largo, ó ń sún mọ́ Kettering ní Maryland. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ń pariwo, wọ́n ń ju ike omi lu ara wọn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Ìtùnú jókòó sí, nínú ẹ̀wù òtútù aláwọ̀ aró kan tí wọ́n kọ WENDLOW gàdàgbà sí láyà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀wù náà kì í kúrò lára rẹ̀.

Kóòṣì Jessica, tó ń kọ́ àwọn eléré sísá, ló kọ ímeèlì náà láti Yunifásítì Wendlow, ní Virginia. Obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní yunifásítì mẹ́ta tó tóbi jù nínú líìgì àwọn, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìwé tó jọ ń díje, ti kúrò, wọ́n ti lọ dara pọ̀ mọ́ líìgì mìíràn. Mẹ́fà péré ló kù. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ Wendlow yóò jókòó ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti pinnu eré ìdárayá tí wọn yóò máa ṣe lọ àti èyí tí wọn yóò pa tì. Títí di ọjọ́ náà, òun kò lè fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí ọmọ kankan. Ìlà tó gbẹ̀yìn kà báyìí: "Bí ilẹ̀kùn mìíràn bá ṣí sílẹ̀ fún ọ, jọ̀wọ́ má tì í nítorí mi."

"Ọmọ Wendlow!" Oyinkán ló ké sí i láti ìjókòó ẹ̀yìn. Ilé-ìwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, ìjọ kan náà ni wọ́n sì wà. "Ìràwọ̀ wa, ṣé o ò mọ̀ wá mọ́ ni? Ọjọ́ wo lo máa fọwọ́ síwèé? Mọ́mì mi ní àwọn máa wá ya fọ́tò o."

"Wọn ò tíì mú ọjọ́."

"Wọn ò tíì mú ọjọ́, wọn ò tíì mú ọjọ́! Ohun tó o sọ lóṣù tó kọjá nìyẹn. Àbí ẹ̀wù yẹn gan-an, ṣé àwọn ló fún ẹ ni, àbí ìwọ lo rà á?"

Gbogbo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín. Òun ló ra ẹ̀wù náà lóòótọ́.

Eré tí wọ́n ti ń sáré tí wọ́n sì ń fo igi kọjá ni Ìtùnú mọ̀ jù. Igi mẹ́jọ ni wọ́n máa ń tò sójú ọ̀nà, ọ̀ọ́dúnrún mítà sì ni gígùn eré náà. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìta yóò rò pé fífò ló ṣòro. Kíkà ló ṣòro. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Ìtùnú ń gbé láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì, kò gbọ́dọ̀ lé, kò gbọ́dọ̀ dín. Bó bá fi lè di méjìdínlógún, ẹsẹ̀ tí kò fi ń fò ni yóò bá a níwájú igi, yóò wá di pé kó já eré dúró kó tó lè gbé ara sókè. Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ ara rẹ̀ ní iye yìí, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti ìwọ̀n, lórí pápá ilé-ìwé wọn.

Ní oṣù Kejì ni Kóòṣì Jessica pè é lórí fóònù pé ààyè wà fún un ní Wendlow: owó ilé-ìwé, oúnjẹ àti ibùsùn, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìlérí ẹnu ni. Ìwé àdéhùn gan-an yóò dé lóṣù Kẹrin. Ṣùgbọ́n ìyá Ìtùnú kò dúró de ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìpè náà, nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, Bọ́lánlé Adékọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Ó kọrin, ó jó, ó kúnlẹ̀, ó ní Ọlọ́run ti fi ọmọ òun sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọ hó yèè. Àwọn ìyá tí Ìtùnú kò mọ orúkọ wọn wá dì mọ́ ọn, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí.

Nínú ìjọ wọn, ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ohun tí èèyàn bá ti jẹ́rìí sí, ó ti ṣẹ nìyẹn lójú gbogbo ará. Kò sẹ́ni tí Ìtùnú rí rí tó padà lọ sí iwájú lọ sọ pé, "Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tí mo wí lọ́jọ́sí kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn mìíràn wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan tó ń jẹ́ Tolliver, lórí òkè ní West Virginia, fẹ́ kó wá máa sáré fún àwọn. Owó ilé-ìwé nìkan ni wọ́n lè san, kò kan oúnjẹ àti ibùsùn. Kóòṣì wọn ti sọ fún Ìtùnú àti ìyá rẹ̀ pé kó fún òun lésì kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní.

Nígbà tó wọlé, ìyá rẹ̀ ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń bu ìrẹsì sínú ike oúnjẹ tó máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Ìtùnú ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù lọ sí California, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé, nítorí náà àwọn méjèèjì ló sábà máa ń wà nílé.

"Ẹ kú ilé, Mọ́mì."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Bá mi mú ìdérí yẹn. Ìyá Ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí, wọ́n ní ọjọ́ wo lẹ máa fọwọ́ síwèé, àwọn fẹ́ gbé kéèkì wá. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, a máa pè wọ́n."

Ìtùnú mú ìdérí, ó dúró pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́. "Mọ́mì, tí ti Wendlow ò bá wá ṣeé ṣe mọ́ ńkọ́? Mo kàn ń béèrè ni o."

Ṣíbí dúró nínú ìkòkò. "Ìtùnú. Ẹnu ìwọ gan-an la ti máa gbọ́ irú ẹ̀? Lẹ́yìn ẹ̀rí tí mo jẹ́? Ojú ò ní tì wá lórúkọ Jésù."

"Àmín."

"Ṣe àmín yẹn dáadáa."

"Àmín, mà."

Ìyá rẹ̀ gba ìdérí lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé ike náà pa, lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn. "Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan ni?"

Ìbéèrè náà rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ló gbà. Fóònù wà nínú àpò ẹ̀wù Ìtùnú, ímeèlì sì wà nínú fóònù. Ó la ẹnu.

"Rárá, mà. Wọ́n ní ìwé ti ń bọ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Ọ́ńkù Láńre wá láti Laurel láti tún ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ṣe. Àbúrò ìyá Ìtùnú ni. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń tún ṣe káàkiri àwọn ilé gíga, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tí kì í tú. Ìtùnú bá a nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ó ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà palẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó to gbogbo nọ́ọ̀tù rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn bó ṣe tú wọn tẹ̀ léra, kó má bàa ṣì wọ́n dè.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ́ńkù."

"Ẹlẹ́sẹ̀ ehoro! Wá bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú."

Ìtùnú di tọ́ọ̀ṣì mú. "Ọ́ńkù, báwo ni líìgì àwọn yunifásítì ṣe máa ń tú ká?"

"Kí ló fa èyí?"

"Iṣẹ́ àmúrelé ni."

Ọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í tètè tán lẹ́nu Ọ́ńkù Láńre, ojú ẹ̀rọ ló sì fi ń wo ohun gbogbo láyé. Ó gbé nọ́ọ̀tù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "O rántí ìgbà tí mọ́mì ẹ àti àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́ta jọ ń wọ ọkọ̀ kan lọ sí Baltimore? Stephanie ló ni ọkọ̀. Ó tóbi, ó tutù, wọ́n á sùn dé ibi iṣẹ́. Stephanie wá rí iṣẹ́ tó dáa ju ìyẹn lọ, ó wa ọkọ̀ ẹ̀ lọ. Kò ṣẹ ẹnì kankan, àbí ó ṣẹ̀?"

"Kò ṣẹ̀, sà."

"Àwọn tó kù ńkọ́? Ọ̀kan fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan ń wọ bọ́ọ̀sì mẹ́ta. Mọ́mì ẹ lọ ra ọkọ̀ tí kò ní lọ́kàn láti rà. Bí líìgì ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ń sanwó nítorí àwọn yunifásítì ńlá tí ayé fẹ́ wò, àwọn kékeré sì ń bá wọn jẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ńlá bá kó ẹrù wọn lọ síbòmíì, tẹlifíṣọ̀n á bá wọn lọ. Àwọn tó kù á wá máa wá ẹni tí wọ́n máa bá díje. Ẹni tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bá tẹ́lẹ̀, wọ́n á máa wọ bàálù lọ bá arọ́pò ẹ̀. Owó tó ń jáde á pọ̀ sí i, èyí tó ń wọlé á dín kù. Kí lo rò pé wọ́n máa kọ́kọ́ gé dànù?"

"Eré tí kì í sí lórí tẹlifíṣọ̀n."

"Ṣé o rí i! Wọn ò jẹ́ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Àwọn òmùwẹ̀, àwọn onítẹníìsì, àwọn eléré sísá, àwọn ni wọ́n á gé. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yẹn ò dáa o. Bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ náà nìyẹn." Ó fa rọ́bà pẹlẹbẹ kan yọ láti inú ẹ̀rọ, ó ti já sí méjì. "Wò ó. Mọ́tò inú ẹ̀rọ yìí ò ṣe nǹkan kan. Bí rọ́bà yìí bá ti já, ó parí."

"Ṣé ẹni tó wà nínú ẹ̀ lè mọ̀ kó tó já?"

"Tó bá béèrè, á mọ̀." Ojú Ọ́ńkù Láńre kúrò lára rọ́bà, ó bọ́ sára ẹ̀wù aláwọ̀ aró náà. "Wendlow tìẹ ńkọ́? Ṣé líìgì tiwọn dúró?"

"Ó dúró, sà."

"Ìwé ti dé?"

"Ó ń bọ̀."

Ó mí kanlẹ̀. "Mo sọ fún mọ́mì ẹ pé bí iṣu ẹni bá ta, ńṣe là á fọwọ́ bò ó jẹ. Mo ní kó dúró de ìwé. Ó ní aláìnígbàgbọ́ ni mí. Ó dáa, ká máa wò ó."

Ìtùnú gun àtẹ̀gùn lọ sókè pẹ̀lú ẹrù méjì lọ́rùn: irọ́ tó pa fún ìyá rẹ̀, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tán. Bó bá sọ òtítọ́ báyìí, Ọ́ńkù Láńre ni yóò jàre, ìyá rẹ̀ ni yóò jẹ̀bi, gbogbo ìjọ ni yóò sì gbọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ìgbìmọ̀ náà kò ní gé eré sísá. Bóyá tẹníìsì nìkan ni wọ́n máa gé. Ó di Ọjọ́rú kó tó hàn. Kí ló dé tí òun yóò fi dá ilé rú nítorí bóyá?

Ní ọjọ́ Ẹtì, ilé-ìwé márùn-ún ló wá díje lórí pápá wọn. Aago mẹ́rin àbọ̀ ti lù. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi eré onígi àwọn obìnrin sí. Ìtùnú ń na ẹsẹ̀ létí ọ̀nà nígbà tó gbọ́ ohùn tó mọ̀.

"Ọmọ Wendlow!"

Ìyá Ìjọ ni. Ìyá Ìtùnú jókòó tì í lórí àga ìwòran, ó ti bá nọ́ọ̀sì mìíràn pààrọ̀ iṣẹ́ kó lè wá. Ó dé fìlà aláwọ̀ aró kan tí Ìtùnú kò rí rí. WENDLOW ló wà níwájú rẹ̀. Oyinkán jókòó sí ìsàlẹ̀ wọn, ó ti gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò.

Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, fóònù Ìtùnú gbọ̀n nínú báàgì. Kóòṣì Tolliver ni. Ó wò ó títí tó fi dákẹ́.

"Ta nìyẹn?" Kóòṣì Aaron, tó ń kọ́ wọn nílé-ìwé, ló ń kọjá lọ pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́. Àgbàlagbà ni, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ran ọmọ lọ sí yunifásítì. Ká ní ẹnì kan wà tó lè sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún un, òun ni. "Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí, Kóòṣì."

Ó wo ojú rẹ̀, ó lọ.

Ní aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méje, fóònù tún gbọ̀n. Ìtùnú kò gbé e. Nígbà tó dákẹ́, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí rẹ̀: "Ìtùnú, àyè kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́, ọmọ mìíràn sì ń dúró dè é. Bí o bá nílò títí di ọjọ́ Ajé, sọ fún mi, màá dúró. Ṣùgbọ́n sọ nǹkan kan."

Ìtùnú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì padà: *Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ajé.* Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án péré. Ó kù kó tẹ ibi tí wọ́n fi ń rán an lọ. Ó wá rò ó pé bí òun bá ti rán èyí, ó di dandan kí òun sọ ìdí rẹ̀ nílé. Ó gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ bọ́ fìlà, ó ń fi juwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí àárẹ̀ rí láyé.

Ìtùnú pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ju fóònù sínú báàgì, ó fa sípì rẹ̀ pa. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo aago ńlá tó wà lórí pápá. Ku mẹ́rin. Ku mẹ́ta. Ku ìṣẹ́jú kan. Márùn-ún lù, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ ń fò kọjá, ẹnì kan ń ta omi tútù.

Nígbà tí ìbọn eré dún, ó fo igi kìíní dáadáa, ó fo èkejì, ó fo ẹ̀kẹta. Níwájú ẹ̀kẹrin, ó ka mẹ́tàlá, ó ka mẹ́rìnlá, ó wá rí i pé òun kò mọ̀ bóyá mẹ́rìnlá ni tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹsẹ̀ tí kì í fi fò ló bá a níwájú igi. Orúnkún rẹ̀ gbá a, igi ṣubú, òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ipò kẹfà ló wà.

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni," ìyá rẹ̀ ń sọ fún Ìyá Ìjọ. "Ìwé kíkà ti pọ̀ jù fún un."

Ní Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán, Kóòṣì Jessica pè é. Ìtùnú jáde kúrò ní kíláàsì kó tó dáhùn. Wọ́n ti gé eré mẹ́fà, obìnrin náà ní, eré sísá ọkùnrin àti ti obìnrin wà nínú rẹ̀. Ó bẹ Ìtùnú pé kó má bínú. Ìtùnú béèrè pé, "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?"

"Èmi náà ti di ẹni tó ń wáṣẹ́," ni Kóòṣì Jessica wí. "Ṣé o di ilẹ̀kùn kejì yẹn mú?"

Ìtùnú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì padà sí kíláàsì.

Kó tó délé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Oyinkán ti kà á lórí fóònù, ó ti sọ fún ìyá tirẹ̀, ìyá Oyinkán ti sọ fún Ìyá Ìjọ. Bọ́lánlé Adékọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Òní ni wọ́n..."

"Ìtùnú. Ìgbà wo lo mọ̀ pé ó lè rí báyìí?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mà."

Ìyá rẹ̀ ń fi ìka ṣírò. "Ìṣẹ́gun. Kí Tolliver tó parí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo bi ọ́. Mo dúró nínú ilé ìdáná yẹn, mo wò ọ́ lójú, mo ní ṣé wọ́n sọ nǹkan kan."

Omi ti ń bọ́ lójú Ìtùnú. "Ẹ̀rí yín ni mo ń rò, Mọ́mì. Ẹ ti jó. Gbogbo ìjọ ti gbọ́. Mi ò fẹ́ kí ojú tì yín."

Ìyá rẹ̀ dìde dúró. Ìtùnú rò pé yóò gbá òun létí. Kò gbá a. Ó di èjìká rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ìwọ ni mo bí! Mi ò bí ẹ̀rí. Ṣé o gbọ́ mi? Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú ì bá tì mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́jọ́ kejì ẹ̀ ǹ bá ti gbé fóònù pe Tolliver."

Wọ́n wọlé, wọ́n pe Tolliver, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Kóòṣì náà kò bínú. Bóyá ohun tó dun Ìtùnú jù nìyẹn. Ó ní òun dúró di aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú kí òun tó pe ọmọbìnrin kan ní Ohio, ọmọ náà sì ti fọwọ́ síwèé. "Ká ní o sọ pé kí n dúró, ǹ bá dúró," ó ní. "Mo rò pé o ò fẹ́ wa ni."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ nu ojú, ó gbé fóònù tirẹ̀, ó pe Ìyá Ìjọ. Ìtùnú fẹ́ dìde, ìyá rẹ̀ fọwọ́ sọ fún un pé kó jókòó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Rárá o, mà, kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ọlọ́run náà ò já wa kulẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ ìlérí ẹnu tí mo pè é ní ìwé. Mo yára. Ọmọ yìí náà ṣe tiẹ̀, a ti jọ sọ ọ́." Ó gbọ́ nǹkan kan, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kéèkì? Ẹ ṣì lè gbé e wá, mà. Ebi ń pa wá."

Àárín oṣù Karùn-ún ni Kóòṣì Aaron bá wọn rí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan tí Ìtùnú lè máa ti ilé lọ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ eléré sísá. Kò sí oúnjẹ ọ̀fẹ́, kò sí ibùsùn, orúkọ rẹ̀ kò sì sí lára fìlà ẹnikẹ́ni ní ìjọ. Ìyá rẹ̀ fi ọkọ̀ gbé e lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn iṣẹ́, ó wá sùn sínú ọkọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Ìtùnú dá wọlé lọ bá kóòṣì wọn, ọkùnrin sísanra kan tó ń fi òróró sí ìdí àwọn igi eré. Ó ti kọ ìbéèrè sórí ìwé. Líìgì wo lẹ wà? Ilé-ìwé mélòó ló kù níbẹ̀? Ta ló ń pinnu eré tí ẹ máa ṣe? Ìgbà wo ni wọ́n ń jókòó? Ọkùnrin náà gbé ike òróró sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí," ó ní, "àwọn ọmọ máa ń bi mí léèrè bàtà àti aṣọ. Èyí tó o béèrè yìí, kò sẹ́ni tó bi mí rí." Ó dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹgbẹ́ wọn dúró dáadáa lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ilé-ìwé méjì ń sọ pé àwọn máa kúrò nínú líìgì, ìgbìmọ̀ yóò sì dìbò lórí eré sísá lóṣù Kẹwàá. Ibi tó máa já sí, òun kò mọ̀. "Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

Ìtùnú padà sí ibi ọkọ̀. Ó kan gíláàsì, ìyá rẹ̀ jí, ó ń wá kọ́kọ́rọ́.

"Mọ́mì, ẹ má tíì ṣíná. Ìròyìn kan wà tí kò dáa nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó dé orí ọ̀rọ̀ ìbò, ó sì sọ ọ́ tán. Ìyá rẹ̀ tẹ́tí sí i, ó yán, ó nu ojú.

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

"Àwọn mélòó ló máa dìbò yẹn?"

"Méje."

"Ó dáa. Oṣù Kẹwàá ṣì jìnnà. Nílé, wàá bá mi kọ orúkọ àwọn méjèèje sílẹ̀ fún àdúrà." Ó ṣíná sí ọkọ̀. "A tún máa wá kọ́lẹ́ẹ̀jì kejì mọ́ ọn, kọ́kọ́rọ́ kan ò tó fún ilé. O ṣé tó o tètè sọ fún mi."

Kò sí ohun tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lè ṣe kí àwọn yunifásítì ńlá má kúrò nínú líìgì. Ìtùnú kò jẹ̀bi ìyẹn, ì báà sáré ju ẹtu lọ. Ohun tó sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn kejì, òun fúnra rẹ̀ ló sì tì í, nítorí pé ó ń sá fún ìtìjú tí kì bá ti pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ìròyìn burúkú bá bá yín, ẹ gbé e lọ bá àgbà tó fẹ́ràn yín nígbà tí àkókò ṣì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ yín pariwo débi pé ọmọ yín kò ní rí àyè sọ òtítọ́ fún yín.